Àlàfo Tó Wà Nísàlẹ̀ Ojú Kọ̀ǹpútà Wa

Kọ̀ǹpútà tó wà ní láàbù wa kò wu ojú rí. Búlúù ni ojú rẹ̀, àwọn lẹ́tà orí rẹ̀ funfun, lẹ́tà ńlá sì ni gbogbo wọn, bí ẹni pé ẹni tó kọ wọ́n ń pariwo. Kò ní àwòrán kankan. Kò sí ibi téèyàn lè fìka tẹ̀ lójú rẹ̀. Bọ́tìnnì F3 la fi ń wá nǹkan, F5 la fi ń kọ ẹni tuntun sí i, F10 la fi ń tọ́jú ohun tí a bá kọ. Bí o bá ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò bi ọ́, pé ṣé ó dá ọ lójú. Bí o bá ní kò dá ọ lójú, yóò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kò ní bá ọ jà.

Mi ò lè ka iye àlejò tó ti dúró lẹ́yìn mi, tí wọ́n wo ojú búlúù yẹn, tí wọ́n sì bi mí pé ṣé nǹkan yìí ṣì ń ṣiṣẹ́. Èsì mi kì í yí padà. Mo máa ń ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ ju àwa tí a jókòó tì í lọ."

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ọ̀mù-Àrán ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láàbù ni wọ́n gbà mí sí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, láàbù náà ni mo ṣì wà. Ìyá Láàbù ni wọ́n ń pè mí báyìí, àmọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ọmọdébìnrin ni mí, ọ̀gá sì wà lórí mi. Ọmọ Èsìẹ́ ni ọ̀gá yìí. Ó ga, kò lẹ́nu púpọ̀, apá kóòtù funfun tó ń wọ̀ kò sì dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rí, nítorí pé kò sí kóòtù tó gùn tó o.

Agùnbánirọ̀ kan ló kọ ètò orí kọ̀ǹpútà náà fún ọ̀gá mi. Ó sin ìlú lọ́dọ̀ wa fún ọdún kan, ó kọ bí a ó ṣe máa lò ó sínú ìwé pélébé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Títí dòní a ò mọ ibi tó wà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ètò yẹn ń ṣe. Ó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ṣetán láti fún aláìsàn lẹ́jẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí a fi nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fíríìjì wa kò tóbi, iná sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ̀jẹ̀ tí a lè tọ́jú sílẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ẹnì kan bá nílò ẹ̀jẹ̀, àfi ká ránṣẹ́ pe ẹni tí tirẹ̀ bá a mu kó wá fún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀jẹ̀ wa kò sí nínú fíríìjì. Ìta ló wà, ó ń rìn kiri. Iṣẹ́ tiwa ni ká mọ ibi tó rìn dé."

Nítorí náà, ó máa ń gbé àpótí rẹ̀ kọ́ èjìká, a ó sì jọ lọ. Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, a ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó dúró lábẹ́ igi títí ìsìn yóò fi parí. Bí ó bá di Jímọ́ọ̀, a ó lọ bá àwọn tó ń jáde ní mọ́ṣáláṣí. A lọ sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òrò, a sì lọ síbi ìpàdé àwọn àgbẹ̀. A ó gún wọn lórí ìka, a ó sọ irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní fún wọn, a ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n á lè fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan. Àwọn tó bá gbà, èmi ni mo ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Àmọ́ ọ̀gá mi kì í jẹ́ kó parí sórí orúkọ. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí yín lọ́jọ́ Ajé?" "Bí ó bá di ìgbà ọ̀gbìn ńkọ́?" "Ta ló máa ń mọ ibi tí ẹ lọ?" "Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ ká mọ̀ ká tó wá pè yín?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sọ ọ́. Bí a bá padà dé, èmi ni mo ń jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn orúkọ, ọjọ́ orí àti irú ẹ̀jẹ̀, àlàfo kan wà nísàlẹ̀ tó fẹ̀ tó ìlà mẹ́fà. Ètò náà kò bi wá ní ìbéèrè kankan níbẹ̀. Ohun tó bá wù ẹ́ ni o lè kọ.

Mo ṣì rántí púpọ̀ nínú ohun tí a kọ síbẹ̀. Ti tíṣà kan ni pé: "Má ṣe pè é lásìkò ìdánwò. Yóò wá, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀." Ti ọlọ́jà kan ní Ṣàrẹ́ ni pé: "Ó máa ń gbààwẹ̀ Ọjọ́bọ. Dúró di ìgbà tó bá ṣínu." Ti ọkùnrin kan tó síngbọnlẹ̀ bí ilẹ̀kùn ni pé: "Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á. Jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù." Obìnrin kan wà tó ní ká kọ ọ́ pé bí a bá dé ilé òun tí a bá ìyá ọkọ òun, ká ní ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin la wá pe òun sí. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ padà sí Èsìẹ́ lọ tọ́jú oko kajú rẹ̀, ó rọra fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà lórí, ó ní, "Má jẹ́ kí ebi pa á." Ohun tó ń wí ni pé kí n máa kọ nǹkan sí i.

Mo ń kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kọ̀ǹpútà ti ìgbà náà kú, ẹni tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe yọ ètò náà, ó gbé e sórí òmíràn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Kò tún ara rẹ̀ ṣe, kò yí àwọ̀ padà, kò ní kí n wá gbà á láyè láti ṣe ohun tí mi ò mọ̀. Àárọ̀ tí mo bá tàn án, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni mo máa ń bá a.

Dókítà tuntun kan wá dé. Ọmọ Ìlọrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, nítorí kò sí ẹni tí kì í kí, títí dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Bí mo bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀, yóò dìde kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi ní láàbù, ó fa fóònù rẹ̀ yọ.

"Mà, ẹ wo nǹkan kan."

Áàpù ni. Ó mọ́, ó dán, àwọ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí òdòdó, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré kan sì ń jó lójú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí àwọn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ bá ti lè forúkọ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ibì kan ṣoṣo la ó máa tẹ̀. Ìpè á dún lórí fóònù gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá bá ti aláìsàn mu, àwòrán ilẹ̀ á sì fi ibi tí wọ́n wà hàn wá.

"Ó dára," ni mo wí. Òótọ́ ni mo sọ. Mo gba fóònù náà, mo wò ó síwá-sẹ́yìn bí aṣọ tuntun. "Àwọn tí kò ní fóònù ńkọ́, Dókítà?"

"Ta ni kò ní fóònù láyé ìsinsìnyí, Mà?"

"Àwọn tó ní fóònù kékeré, tí kò gba áàpù?"

"Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Kò ní pẹ́ mọ́."

"Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ńkọ́? Níbo ni mo máa kọ ọ́ sí?"

Kò mọ ohun tí mo ń sọ. Mo tan kọ̀ǹpútà wa, mo sì fi àlàfo náà hàn án. Ó fa àga, ó jókòó, ó ń kà á lọ láti ẹnì kan dé ẹnì kejì. Nígbà tó dé orí ọkùnrin tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí i lójú. "Mà, ìwé ìtàn lẹ kọ síbí! Áàpù yìí kò nílò gbogbo èyí. Ó ti mọ ibi tí wọ́n wà."

Mi ò bá a jiyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń kó orúkọ láti inú ti àtijọ́ sínú ti tuntun. Àwọn tó bọ́ sínú rẹ̀ kò tó ìdajì, nítorí bí kò bá sí nọ́ńbà fóònù tó péye, áàpù kò ní gbà ọ́ kọjá. Dókítà ní ká gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó wà ní igun láàbù, pé kò gba àyè. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Èmi náà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó ju oṣù mẹ́ta lọ tí mi ò tàn án. Ojú ti máa ń tì mí tẹ́lẹ̀ bí àwọn àlejò bá wá láti Ìlọrin, tí wọ́n rí ojú búlúù yẹn. Ní báyìí mo ní nǹkan tó rẹwà tí mo lè fi hàn wọ́n, inú mi sì ń dùn. Ohun tó mú mi padà sídìí rẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n. Áàpù náà yípadà lọ́jọ́ kan, ó ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kì í ṣe òun. Ó ní òun ti fi òmíràn ránṣẹ́ síbì kan tí mi ò mọ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni mi ò fi rí inú rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta sì wá forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti Òrò wá. Mi ò lè ní kí wọ́n padà lọ. Mo nu eruku orí kọ̀ǹpútà àtijọ́, mo tàn án, mo tẹ F5. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ orúkọ sí méjèèjì. Mi ò sọ fún Dókítà.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lọ́dún yẹn nígbà tí wọ́n gbé obìnrin kan wá láti abúlé kan nítòsí Èsìẹ́. Àárọ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí fèrèsé. Ó ti bímọ sílé ní ìdájí, ọmọ náà wà láàyè, ìyá ọkọ rẹ̀ sì gbé e dání nínú aṣọ. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò dá lára ìyá ọmọ. Dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì gbé e wọlé, wọ́n sì ń ṣe ohun tó yẹ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n gbé e wá fún mi.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, nítorí mi ò fẹ́ gbà á gbọ́. O-nẹ́gátíìfù ni. Ẹ̀jẹ̀ yìí ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹni tó bá ní in, gbogbo ayé ló lè fún, àmọ́ bí ó bá kan òun fúnra rẹ̀, ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè gbà láìsí ìbẹ̀rù. Kò sí ẹyọ kan nínú fíríìjì wa. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ wò, kò bá a mu. Àbúrò ọkọ náà na ìka tirẹ̀ sí mi kí n tó sọ̀rọ̀. Tirẹ̀ náà kò bá a mu.

Dókítà jáde wá sí láàbù, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, kò pariwo. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ṣí áàpù, ó tẹ ibi pupa náà. Àwa méjèèjì jọ tẹjú mọ́ ọn. Èèyàn mẹ́ta ló gbé jáde. Ó pe ẹni àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ti parí ní Òrò, ó ní Èkó lòun wà báyìí, kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́. Fóònù ẹnì kejì kò lọ. Ti ẹnì kẹta náà kò lọ. Lójú áàpù náà, àmì aláwọ̀ ewé kan jáde tó sọ pé iṣẹ́ tí a rán ti lọ, pé ká fọkàn balẹ̀.

"Ìlọrin ńkọ́?" mo bi í.

"Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní méjì. Àmọ́ kí wọ́n lọ kí wọ́n bọ̀, ọ̀sán á ti pọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá ó lè dúró tó bẹ́ẹ̀, Mà." Ó kọ lẹ́tà fún àbúrò ọkọ obìnrin náà, ó ní kó wá ọkọ̀ kó máa lọ sí Ìlọrin lójú ẹsẹ̀.

Èmi ti wà ní igun. Mo tan kọ̀ǹpútà àtijọ́, mo tẹ F3, mo kọ irú ẹ̀jẹ̀ náà sí i. Kí n tó mí kanlẹ̀, ìlà mẹ́rin ti jáde. Mẹ́ta nínú wọn ni àwọn tí a ti pè. Ẹnì kẹrin jẹ́ àgbẹ̀ kan ní Òkè-Onígbìn. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá títí mo fi tún kà á:

"Kò ní fóònù, kò sì fẹ́. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé. Bí kò bá sí nílé, ìyá rẹ̀ mọ oko tó lọ. Oko ìdí odò: kọjá ìrókò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, yà sí ọ̀tún. Pe orúkọ rẹ̀ sókè, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa. Ó ní ká wá pe òun nígbàkigbà."

Dókítà kà á lókè èjìká mi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yìí. Ó ní, "Ẹ máa lọ, Mà. Ẹ mú ọkọ̀."

Èmi àti awakọ̀ ilé ìwòsàn la jọ lọ. Ọkùnrin àgbà ni awakọ̀ yìí, kì í sáré tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó sáré lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ tutù, òórùn ìyẹ̀pẹ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé, àwọn èèyàn ń lọ sóko ní méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí a dé Òkè-Onígbìn, a rí ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì bí a ṣe kọ ọ́. Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo bi í pé ọmọ rẹ̀ dà.

"Ṣé kò sí nǹkan?" Ó ti gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀.

"Kò sí nǹkan, Ìyá. Ilé ìwòsàn ni mo ti wá. A fẹ́ kó wá ràn wá lọ́wọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó sọ fún mi nígbà yẹn pé ẹ ó wá lọ́jọ́ kan. Mo ní ẹ ò ní wá." Ó nawọ́ sí ọ̀nà. "Oko ìdí odò ló wà. Ẹ máa lọ."

A wakọ̀ lọ, mò ń wá ìrókò méjì. A rìn títí, ẹyọ kan péré ni mo rí. A kọjá rẹ̀, mo ní kí awakọ̀ dúró, mo ní bóyá a ti ṣìnà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wò yíká, ó wá pè mí. Kùkùté ńlá kan wà nínú koríko, ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e kò tíì dúdú tán. Wọ́n ti gé ìkejì. Ẹ̀rọ kò lè mọ ìyẹn, èmi tó yẹ kí n mọ̀ kò sì padà síbẹ̀ láti ọdún tí mo ti kọ ọ́. A yà sí ọ̀tún.

Mo pe orúkọ rẹ̀ sókè bí mo ṣe kọ ọ́ pé ká ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é kó tó gbójú sókè. Ó ń kọ ebè, ilẹ̀ dúdú dé orúnkún rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé ní ogójì ọdún ni. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé orí ebè, ó wá bá wa, ó sì fi Ìgbómìnà kí mi bí ẹni tó rí mi lánàá.

"Ìyá Láàbù! Ó ti dé nìyẹn?"

"Ó ti dé. Obìnrin kan ló bímọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀."

"Ọmọ ta ni?"

"Nítòsí Èsìẹ́ ni wọ́n ti wá. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n."

"Kò burú bí mi ò bá mọ̀ ọ́n." Ó lọ sí etí odò, ó fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní rárá, òun máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí òun tó jẹun. Iṣu kan wà nínú eérú tó ń sun. Mo ní kó mú un dání, pé mi ò ní gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ebi ń pa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, tó ń ha èèpo iṣu sójú fèrèsé, tó ń jẹ ẹ́, tó sì ń bu díẹ̀ fún èmi àti awakọ̀. Mo jẹ ẹ́. Mi ò mọ̀ pé ebi ń pa èmi náà.

Ní láàbù, mo ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó yẹ, mo wá àwọn àrùn tí ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé, mi ò rí ọ̀kankan. Mo fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pàdé ti obìnrin náà, wọ́n gba ara wọn. Ó dùbúlẹ̀, ó nawọ́, ó ń wo òrùlé. Ìgbà tí àpò náà kún, ó béèrè pé ṣé ó tó. Mo ní ó tó, pé kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun rò pé ó máa pọ̀ ju báyìí lọ ni.

Àpò kan yẹn ló dì í mú. Ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà kí àbúrò ọkọ tó ti Ìlọrin dé pẹ̀lú méjì yòókù. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà ti lajú, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọ náà tì í. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wò wọ́n díẹ̀, mo sì padà lọ fọ àwọn ìgò mi.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, fóònù Dókítà dún. Ẹnì kẹta orí áàpù ló dáhùn. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ má bínú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ṣé ẹ ṣì nílò mi?" Dókítà fi hàn mí. Kò sí ẹni tó bínú sí i. Ṣàrẹ́ ló wà, kò sì sí nẹ́tíwọ̀kì lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ìgbà yẹn ni Dókítà fa àga wá sídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ó jókòó, ó wo ojú búlúù náà.

"Mà, kí ló dé tí kò fi rẹwà tó báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó ní kó rẹwà, Dókítà. Ọ̀gá mi ní kó máa rántí ni."

"Èwo ni mo máa tẹ̀ láti wá èèyàn?"

"F3."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni áàpù pé kí wọ́n bá wa fi àlàfo kan sí ìsàlẹ̀, níbi téèyàn lè kọ ohun tó bá fẹ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Oṣù méjì lẹ́yìn náà áàpù náà tún yípadà, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó ń jó ti di mẹ́ta. Àlàfo kò sí níbẹ̀. A ṣì ń lò ó ṣá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ti bá wa pe èèyàn wá lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá le, igun láàbù ni gbogbo wa ń kọ́kọ́ wò, Dókítà náà sì ti máa ń gbé àpótí kọ́ èjìká tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.

Mo lọ sí Èsìẹ́ lọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀gá mi. Inú oko kajú ni mo bá a, ó ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn náà tán. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ìrókò ku ẹyọ kan. Mo ní mo ti kọ ọ́. Ìgbà náà ló wá béèrè obìnrin náà.

Obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ padà wá. Ó ti ju ọdún kan lọ dáadáa, ó ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ara rẹ̀ sì ti le. Mi ò dá a mọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láàbù pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Mo ní kó dìde. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé irú ẹ̀jẹ̀ tí òun ní kò wọ́pọ̀, pé ẹni tí òun kò mọ̀ ló fún òun, òun sì ti rò ó títí. Mo yẹ ara rẹ̀ wò, mo rí i pé ó lè ṣe é. Mo tẹ F5. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ orí rẹ̀, mo sì dé ìsàlẹ̀.

"Níbo la ti lè rí yín lọ́jọ́ Ajé?"

"Ilé. Mò ń ránṣọ."

"Lọ́jọ́ ọjà ńkọ́?"

Ó ronú. "Ọjà ni mo máa ń wà, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ. Àmọ́ mi ò ní ibùjókòó kan pàtó. Ẹ béèrè ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í dákẹ́." Ó wo ọmọ náà, tó ti ń fa ìdí àga mi. "Ṣé ẹ lè kọ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀?"

"A lè kọ ọ́," mo ní, mo sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ní lẹ́tà ńlá.